Plateau kan wà létí omi ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn wa wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó



Tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà bá gba ìsinmi, Miami ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń sá lọ. Wọn á ya fọ́tò létí òkun, wọn á fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Kò burú. Àwa tí a wà lórí òkè níhìn-ín, omi tó gbòòrò jù tí àwọn ọmọ wa mọ̀ ni èyí tó dúró sínú kòtò ìwakùsà àtijọ́, nítorí náà inú wa máa ń dùn láti rí òkun. Ṣùgbọ́n etí omi kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ní kí wọ́n dé. Ìlú Mobile ni, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Africatown. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí apá kan rẹ̀ ń jẹ́? Plateau. Mi ò fi ṣeré o.

Láti 1808 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè. Síbẹ̀, ní 1860, olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, rán ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda lọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Èèyàn 110 ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, ọmọ nǹkan bí ọdún 19, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó nígbà tí wọ́n ya wọ ìlú wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Sylviane Diouf, onímọ̀ ìtàn tó tọpa wọn, sọ pé Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè. Òru ni wọ́n kó wọn dé Mobile ní July ọdún náà. Ọ̀gá ọkọ̀, William Foster, dáná sun Clotilda kí ẹ̀rí má bàa sí.

Ọdún 1865 ni wọ́n di òmìnira. Ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Kossola bá lọ bá Meaher: ẹ̀yin lẹ kó wa wá, ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó jọ. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń gbin nǹkan, wọ́n ń kiri. (Àwọn ìyá wa, kò síbi tí wọn kì í ti í tajà!) Bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀ nìyẹn. Ní 1872 Kossola ra tirẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ẹ wá wo ibi tó wọ̀ mí lára jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí, Gumpa ni wọ́n mú, ará Dahomey tó bá ìdílé ọba tan. Dahomey tó kó wọn lẹ́rú o! Wọ́n wò ó pé ẹrú lòun náà bíi tiwọn, kò lọ́wọ́ nínú ohun tí ọba rẹ̀ ṣe. Àwa tí a wà ní Jos ní 2001 àti 2008, a mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe le tó.

Orúkọ méjì méjì ni Kossola àti ìyàwó rẹ̀ sọ àwọn ọmọ wọn: ọ̀kan tí kò ní nira fún ará Amẹ́ríkà láti pè, ọ̀kan kí wọ́n má bàa gbàgbé ilé. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, gbogbo wọn ló ṣáájú bàbá wọn kú. Ní 1927, òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ kí i, ó sì fi orúkọ ilé pè é. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú bàbá. Ó kú ní 1935. Ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀, *Barracoon*, kò jáde àfi ní 2018.

Ẹ má retí yanrìn funfun ní Africatown. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló yí i ká, títì márosẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tí ẹ máa rí ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Union Missionary Baptist, tí ère Kossola wà níwájú rẹ̀, ibi ìsìnkú Old Plateau, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Africatown Heritage House tó ṣí ní July 2023. Pákó Clotilda gan-an wà níbẹ̀, nítorí wọ́n rí òkú ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní May 2019. Tí wọ́n bá ṣe tán, kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí gúúsù, sí Dauphin Island. Yanrìn funfun wà níbẹ̀, odi ogun àtijọ́ Fort Gaines náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ìwé àṣẹ ìrìnnà Amẹ́ríkà ńkọ́? Ouidah kò jìnnà sí Èkó. Ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ kọjá Cotonou, ó ku nǹkan bí kìlómítà 40. Láti 1995 ni Ẹnubodè Àìpadà ti wà létí òkun níbẹ̀, ní etíkun kan náà tí wọ́n ti kó Kossola lọ. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára yín dání.