Èlé
Láti ara “lé” ni èlé ti wá, “lé” inú mọ́kànlélógún: ohun tí a fi kún ti tẹ́lẹ̀. Bí ìyá onígàrí kan ní Ìkàrẹ́ Àkókó bá yá ₦50,000, tó gbọ́dọ̀ san ₦60,000 padà, ì báà tà, ì báà má tà, ₦10,000 yẹn ni èlé. Òun ni ríbà lédè Lárúbáwá. Kùránì (2:275) kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó fàyè gba káràkátà. Inú ọjà ni èrè ti ń wá ní tirẹ̀. Nínú mùdárábà, ìyẹn àdéhùn òwò ní ìlànà Ìsìláàmù, ẹnìkan á mú owó wá, èkejì á ṣòwò, wọ́n á jọ pín èrè bí wọ́n ṣe fẹnu kò. Bí òfò bá dé láìsí ẹ̀bi oníṣòwò, olówó ló ni ín. Ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹ tó tẹ̀ka síwèé, ẹ bèèrè: èlé ni àbí èrè?