Ẹ̀gún Orí Kòrónà: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Mọ Ìrísí Rẹ̀, àti Ipa Tí Ilẹ̀ Wa Kó Níbẹ̀

Ní ọdún 2020, kí èèyàn tó wọ ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́, ó ní láti dúró nídìí korobá kan tí wọ́n lu ẹnu ẹ̀rọ mọ́ nísàlẹ̀. Abọ́ ńlá ń gba omi ìdọ̀tí lábẹ́ rẹ̀, ọṣẹ olómi sì wà nínú ìgò ike lẹ́gbẹ̀ẹ́. Korobá bẹ́ẹ̀ wà ní Okokomaiko, ó wà ní Ìba. Wọ́n ní ká fọwọ́, a fọwọ́. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ̀pọ̀ wa ni ìdí tí ọṣẹ lásán fi ń ṣẹ́gun ohun tí ojú ò rí. Ara kòkòrò kòrónà fúnra rẹ̀ ni ìdí ọ̀hún wà: ọ̀rá ló fi bora. Ọṣẹ tó ń ṣí ọ̀rá ẹran kúrò lára àwo, òun náà ló ń tú ìbora yẹn. Bó bá sì ti tú, kòkòrò náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìtàn bí ayé ṣe mọ ìrísí yìí ti wà kí 2020 tó dé. Ara adìyẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1931, àwọn olùwádìí méjì, Schalk àti Hawn, kọ̀wé nípa àrùn èémí kan tó ń pa òròmọdìyẹ ní North Dakota, ní Amẹ́ríkà. Fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò tó ń fa àrùn yìí, ìyẹn kòrónà adìyẹ, wọn ò mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ June Almeida ló fi ojú rẹ̀ hàn wá. Glasgow ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún 16 ló sì ti kúrò nílé ìwé. Ó wù mí kí àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń wa dáńfó láti Okokomaiko lọ sí Mile 2 gbọ́ orúkọ yìí dáadáa. Almeida mọ bí wọ́n ṣe ń fi maikirosikóòpù elẹ́kítírọ́ọ̀nù ya ohun tíntìntín dáadáa. Nígbà tí David Tyrrell, tó ń wádìí ọ̀fìnkìn ní Salisbury, fi ohun tó rí nínú imú àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí i ní London, Almeida wò ó, ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, lára adìyẹ àti lára eku. Àwọn tó yẹ ìwé tó ti kọ ṣáájú nípa wọn wò ti dá a padà, wọ́n ní àwòrán fúlúù tí kò mọ́ ni. Wọ́n tẹ àwòrán tuntun náà jáde ní 1967. Nígbà tó di 1968, wọ́n sọ kòkòrò náà ní kòrónà, ìyẹn adé lédè Látìn, nítorí ohun tó yọ ṣónṣó yíká ara rẹ̀.

Àwọn ohun tó yọ ṣónṣó yìí ni mo ń pè ní ẹ̀gún, àwọn ló sì yẹ ká dúró tì. Bí a bá to 10,000 kòrónà síra, gígùn wọn kò ju mílímítà kan lọ; síbẹ̀ ẹ̀gún bí ọgbọ̀n ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Purotéènì mẹ́ta tó jọra wọn ló lọ́ pọ̀ di ẹ̀gún kan, bí onídìrí ṣe ń lọ́ ìpín irun mẹ́ta pọ̀. Ṣúgà bò ó káàkiri, ibi 66 lórí ẹ̀gún kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ ogun ara wa má baà rí awọ rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ní oríkèé mẹ́ta. Àwọn tó yà á ní Jámánì ní 2020 pè wọ́n ní ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń fì síbí, ó ń fì sọ́hùn-ún, ó ń wá ibi tí yóò dì mú. Ohun tó ń wá ni ACE2, purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì wa. Ìgbà SARS, àrùn tí kòrónà mìíràn fà, ní 2003, ni wọ́n ti mọ èyí.

Tọ́wọ́ rẹ̀ bá ti bà á, ẹ̀gún náà á yí padà. Ó dà bí agbòòrùn tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀: tó bá ti ṣí gbà, ìrísí rẹ̀ ti di òmíràn. Ìrísí àkọ́kọ́, kó tó ṣí, ni àjẹsára gbọ́dọ̀ kọ́ ara wa láti dá mọ̀. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, Barney Graham, Jason McLellan àti Kizzmekia Corbett, ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí lára àwọn kòrónà mìíràn kí èyí tuntun tó dé. Wọ́n pààrọ̀ èròjà méjì péré nínú purotéènì náà, agbòòrùn ò sì lè ṣí mọ́. Wọ́n ń fi yìnyín ya ohun tí wọ́n ṣe, nípa ọgbọ́n tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017: wọ́n á sọ purotéènì di dídì lójijì, wọ́n á yà á lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà á wá pa àwọn àwòrán náà pọ̀.

Àwọn ará Ṣáínà gbé àkọsílẹ̀ jíìnì kòrónà tuntun síta lóṣù kìíní 2020. Lọ́jọ́ 19 oṣù kejì, àwòrán ẹ̀gún rẹ̀ ti jáde. Orúkọ mẹ́jọ ló wà lórí iṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ni Olubukola Abiona. Mo rántí bí mo ṣe dúró lórí orúkọ yẹn. Ìlànà tí ara wa yóò fi ṣe agbòòrùn tí kò lè ṣí yìí ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lóṣù kẹjọ 2021.

Nílé ńkọ́? Lọ́jọ́ 27 oṣù kejì 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ọkùnrin ará Ítálì kan tó ti Milan wọ Èkó ti ní kòrónà. Yábà ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀ lọ sí Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer's, sọ́dọ̀ Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn rẹ̀ ka nǹkan bíi 30,000 lẹ́tà jíìnì náà tán. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 6 oṣù kẹta, wọ́n ti gbé e síta, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ló ń sọ bí ẹ̀gún yóò ṣe rí. Bí ọ̀kan bá yí, ẹ̀gún lè yí. Nígbà tó di ìparí ọdún náà, wọ́n kéde láti Ẹdẹ pé nínú àwọn kòrónà kan tí wọ́n gbà ní Ọ̀ṣun, èròjà nọ́ńbà 681 lórí ẹ̀gún ti yàtọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì wa ti ń gé e sí méjì. Lóṣù Kejìlá yẹn náà ni wọ́n rí ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n wá sọ ní Eta. Èròjà nọ́ńbà 484 rẹ̀ ti yí, ní orí ẹ̀gún gan-an, níbi tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ti wà nínú ìtàn yìí ṣáájú Ẹdẹ, ọ̀dọ̀ adìyẹ náà ni. Àwọn olùwádìí láti Luxembourg àti Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo adìyẹ ní Nàìjíríà àti Niger. Ní 2009 wọ́n kọ̀wé pé kòrónà adìyẹ kan tí wọ́n gbà ní 2006 ní ẹ̀gún tó yàtọ̀ sí ti gbogbo èyí tí wọ́n ti mọ̀, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n sọ ọ́ ní IBADAN. Ọmọ ogun tí ara adìyẹ kọ́ nípa àwọn ẹ̀yà mìíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mú. Ẹni tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin ní Ìba, tó ń po àjẹsára mọ́ omi mímu wọn ní ìdájí kí oòrùn tó ràn, irú ẹ̀gún tó ń bá jà nìyẹn.