Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sydney: Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn àti Bí Ìrìn Ṣe Pẹ́ Tó

Nǹkan bíi 17,000 kìlómítà ló wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Sydney, ìlú ńlá etíkun ilẹ̀ Ọsirélíà. Kò sí ìlú méjì láyé tó lè fi púpọ̀ ju 20,000 kìlómítà jìnnà síra, nítorí náà díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì yìí wà ní òdìkejì ayé síra wọn. Bàlúù òde òní ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tó yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀ ní wákàtí 19. Àmọ́ ẹni tó bá wọkọ̀ lónìí máa ń lo wákàtí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ gba epo ní ibì kan bíi Singapore tàbí Dubai. Láti ìbẹ̀rẹ̀, epo àti ìdúró ló ń sọ bí ìrìn yìí ṣe máa pẹ́ tó.

Ní 1919, ìjọba Ọsirélíà ṣèlérí 10,000 pọ́n-ùn fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó bá kọ́kọ́ fò wálé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ross Smith, Keith ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti mẹkáníìkì méjì gbéra ní Hounslow ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Ọkọ̀ Vickers Vimy wọn kò ní òrùlé. Gbogbo òjò àti òtútù ojú ọ̀nà, ara wọn ló ń bọ́ sí. Ní Surabaya, ní erékùṣù Java, ẹrẹ̀ gbé táyà ọkọ̀ náà mì. Àwọn ará ibẹ̀ ló kó ẹní ọparun wá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀, orí ẹní yẹn ni ọkọ̀ sá lé títí tó fi gbéra. Wọ́n balẹ̀ sí Darwin, ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. Lójú tèmi, ó yẹ ká máa dárúkọ àwọn ará Surabaya yẹn mọ́ àwọn awakọ̀ náà.

Nígbà tí Jàpáánù gba Singapore ní 1942, ọ̀nà òfurufú láàárín Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ bàlúù Ọsirélíà, Qantas, bẹ̀rẹ̀ sí fi Catalina, ọkọ̀ tó ń balẹ̀ sórí omi, fò láti Perth, ní Ọsirélíà, dé Siri Lanka láìdúró. Ìrìn náà lé ní 5,600 kìlómítà, ó sì ń gba wákàtí 27 sí 33. Epo wúwo débi pé èrò mẹ́ta péré ni wọ́n lè gbé. Wọn kì í fọhùn lórí rédíò kí ọ̀tá má baà gbọ́. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Oòrùn máa ń yọ lójú wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1947, bàlúù Constellation ti Qantas gbé èrò 29 kúrò ní Sydney lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó yà ní Darwin, Singapore, Kàlìkútà, Kàráṣì, Káírò àti Trípólì. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà, èrò sì sùn lójú ọ̀nà ní Singapore àti Káírò.

Ní 1989, Boeing 747 tuntun kan fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sydney láìdúró fún wákàtí 20 ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé èrò tó sanwó. Láti oṣù Kẹta 2018, ọkọ̀ ti ń ti Perth lọ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bíi wákàtí 17. Qantas sì ti ní kí Airbus ṣe A350-1000 tó ní àgbá epo àfikún, kí ó lè máa fò tààrà láti Sydney dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ìpadàbọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń pẹ́ ju àlọ lọ, torí afẹ́fẹ́ líle òkè réré ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Aago Sydney sì fi wákàtí 9 sí 11 ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé fi ń balẹ̀ sí Sydney láàárọ̀ Ọjọ́rú.