Àdéhùn Tí Ó Ń Dá Ọmọ Padà, àti Ilẹ̀kùn Tí Nàìjíríà Kò Tíì Ṣí

Kí ó tó di ọdún 1980, bí bàbá tàbí ìyá kan bá gbé ọmọ sá lọ sí ìlú òkèèrè láìgba ìyọ̀ǹda ẹnì kejì rẹ̀, òbí tí ó ṣẹ́kù sílé kò ní ibi pàtó tí yóò ké gbàjarè sí. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ìlú rẹ̀ kì í sábà lágbára ní ìkọjá ibodè. Adájọ́ ilẹ̀ kejì lè ní òun yóò gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì wo ibi tí ó ti mọ́ ọmọ lára. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ẹni tí ó gbé e sá ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1976, orílẹ̀-èdè Kánádà dá a lábàá ní àpérò àwọn ìjọba ní ìlú Hague pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Àdéhùn náà parí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ọdún 1980, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ọdún 1983.

Àdéhùn yìí kò bèèrè òbí tí ó dára jù. Ohun tí ó ń bèèrè ni ibi tí ọmọ ń gbé kí wọ́n tó gbé e lọ. Ibẹ̀ ni kí a dá a padà sí, kí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì pinnu ẹni tí yóò tọ́ ọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ni ó wà fún. Bí òbí bá pẹjọ́ kí ọdún kan tó pé, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ọmọ padà, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ewu ńlá ń dúró dè é, tàbí pé òbí kejì ti yọ̀ǹda, tàbí bí ọmọ tí ó ti gbọ́n tó bá kọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin ní 1985, Amẹ́ríkà ní 1988. Ní England àti Wales, ìjọba ni ó ń san owó agbẹjọ́rò fún òbí tí ó ń wá ọmọ lábẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó tàbí tálákà.

Àwọn bàbá ni àwọn tí ó kọ àdéhùn náà rò pé wọn yóò máa gbé ọmọ sá. Àmọ́ ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ìyá ni ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Òmíràn nínú wọn, lílù ọkọ ni ó ń sá fún. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí ohun tí à ń pè ní ewu ńlá kò fi tíì tán.

Orílẹ̀-èdè tí ó ti wọ inú àdéhùn náà ti lé ní 100. South Africa àti Morocco wà lára wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ láti London wá sí Ìbàdàn, ilẹ̀kùn Hague ti sé. Òmíràn nínú wa kò tilẹ̀ kà á sí ọ̀ràn: wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ wà, kò bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọdún 1984, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka irú rẹ̀ sí ìwà ọ̀daràn.

Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òbí náà yóò gbé ẹjọ́ tuntun lọ sí ilé ẹjọ́ wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fi ire ọmọ ṣáájú, ó sì ka gbígbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ náà nìyí, àpò ara rẹ̀ ni yóò sì ti san owó agbẹjọ́rò. Ti ẹni tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ láti Èkó lọ sí London kò yàtọ̀: ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ibẹ̀ sọ ní 2005, nínú ẹjọ́ ọmọ kan láti Saudi Arabia, pé bí orílẹ̀-èdè kò bá sí nínú àdéhùn, ire ọmọ ni adájọ́ yóò wò, dídá a padà kì í ṣe dandan.

Ó yẹ kí ìjọba wa wọ inú àdéhùn yìí, kí ó sì ṣe ètò ààbò fún ìyá tí ń sá fún lílù. Kí ó tó dìgbà náà, kí òbí tí ara ń fu tètè rí agbẹjọ́rò. Ilé ẹjọ́ lè gba ìwé ìrìnnà ọmọ, kí ó sì dá ìrìn àjò dúró. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ti gbéra, ọ̀rọ̀ di ti ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ti ọ̀pọ̀ ọdún.