Irin Àgbẹ̀dẹ Àtijọ́ Tí A Ń Hú Nínú Ilẹ̀: Báwo La Ṣe Lè Dá A Mọ̀?



Lókè Ọya tí a ń gbé yìí, bí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí tí a bá ń ro oko, irin tó ti dípẹtà a máa jáde: ẹnu ọkọ́, orí ọfà, ọ̀bẹ, ìṣó. Láyé ìsinsìnyí, àwọn tó ń ṣa àjákù irin tún ń gbé ẹ̀rọ tó ń dún bí irin bá wà nílẹ̀ kiri. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sórí ìwọ̀n. Àwọn kan nínú wa ń ṣòwò irin, a kò sì bá òwò ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí a ń tà.

Iṣẹ́ irin ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Àbújá, Bernard Fagg wú iléru mẹ́tàlá tí wọ́n fi ń yọ́ irin jáde láàárín 1960 sí 1970. Èédú inú wọn fi hàn pé wọ́n ti ju 2,000 ọdún lọ. Nílẹ̀ Yorùbá náà, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1904 bí abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ ṣe ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Wọ́n á wa òkúta irin, wọ́n á fi èédú sun ún nínú iléru alámọ̀, alágbẹ̀dẹ á sì fi ọmọ owú lu èyí tó bá jáde di ọkọ́ àti àdá. Nígbà tí irin òyìnbó tó pọ̀ yanturu dé, iléru kú. Alágbẹ̀dẹ kò kú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n irin òyìnbó ló ń lù.

Báwo wá ni a ṣe lè dá ti àtijọ́ mọ̀? Èkíní, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àwòrán wà níbẹ̀, irú ọ̀nì tó máa ń wà lára àdá òyìnbó. Bó bá wà, iléeṣẹ́ ló ṣe é. Èkejì, ẹ wo bó ṣe nípọn sí. Ti ọmọ owú kì í dọ́gba. Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí ẹ̀rúkọ́ ń wọ̀: alágbẹ̀dẹ á lu irin pẹlẹbẹ, á ká a, ojú ibi tí etí méjèèjì ti pàdé á sì máa hàn. Ẹ̀kẹrin, ìṣó àgbẹ̀dẹ a máa ní igun mẹ́rin. Ìṣó òde òní rí roboto. Ẹ̀karùn-ún, irin tó ti inú iléru àtijọ́ wá ní ìdàrọ́ nínú, nítorí náà bó bá dípẹtà, a máa là ní fọ́nrán fọ́nrán bí igi.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú. Alágbẹ̀dẹ tòní náà ń fi sípíríǹgì mọ́tò rọ ọkọ́, ojú ọmọ owú sì wà lára rẹ̀. Ohun tí a bá pẹ̀lú irin náà ló ń jẹ́rìí jù: èédú, àpáàdì, ìdàrọ́. Nítorí náà, ẹ má ha á, ẹ má sì fi iná sí i. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti bó ṣe jìn tó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa àlejò gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ́ tó rí nínú ilẹ̀ jà pé baba òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Irin kì í kọ ilà. Ọjà ni ọkọ́, àwọn oníṣòwò sì ń rù ú láti ìlú dé ìlú kí a tó bí wa. Ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ ni a lè wò lára rẹ̀. Kò lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Ní 1943, akọ̀wé kan rí orí amọ̀ kan níbi ìwakùsà tánganran nítòsí Jama'a, ó sì gbé e sóko iṣu láti máa fi lé ẹyẹ. Nígbà tí Fagg rí i ni a tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Nok lónìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Òfin 1979 ní kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó Àjọ tó ń bójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí létí. Ọ̀kan wà ní Jos láti 1952. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ gbé e wá sí ìpàdé wa kí a jọ wò ó, kí a sì pe bálẹ̀ àdúgbò sí i, nítorí ilẹ̀ wọn ni. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé e lé ìwọ̀n. Irin tí a bá ti kó lọ yọ́ kò ní ìtàn mọ́.