Ìdàgbàsókè Ọgbọ́n Ìṣe-Ọfà nínú Eré Minecraft

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ nínú kíláàsì, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ìkòkò mímọ àti aṣọ híhun ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. A kì í ka eré orí kọ̀ǹpútà mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ wà tí wọ́n ti to igi, òkúta àti ìyẹ́ pọ̀ di ọfà lójú kọ̀ǹpútà láìtíì fojú kan ọrun ọdẹ rí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò bí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ọfà àkànṣe ṣe yí padà nínú eré Minecraft. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé wàhálà tó wà nínú ṣíṣe ọfà ń kó ipa tó ju ti agbára ọfà náà lọ nínú bí àwọn aṣeré ṣe ń lò ó.

Markus Persson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó bẹ̀rẹ̀ eré náà ní ọdún 2009. Ẹ̀dà tó pé pérépéré jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Eré náà kò ní ìtàn kan pàtó tí aṣeré gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Aṣeré ni yóò wá ohun èlò fúnra rẹ̀, tí yóò sì tò wọ́n sínú àpótí oníhò 9 kí wọ́n tó di nǹkan mìíràn. Òkúta akọ 1, igi 1 àti ìyẹ́ 1, tí a tò lé ara wọn, a máa di ọfà 4. Fún ọdún díẹ̀, irú ọfà yìí nìkan ni aṣeré lè ṣe.

Àyípadà ńlá dé ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2016, nígbà tí ẹ̀dà 1.9 jáde. Ọfà àkànṣe oríṣi méjì ni ó bá a wá. Àkọ́kọ́ ni ọfà afinihàn: bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú òkúta glowstone 4 yí ọfà 1 ká, a óò rí ọfà 2, ẹni tí ó bá sì bà yóò máa tàn yòò fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kódà bí ó bá sá sẹ́yìn ògiri. Èyí kò nira púpọ̀.

Ọfà olóògùn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọfà onímájèlé ṣe àpẹẹrẹ. Aṣeré yóò kọ́kọ́ fi èso Nether wart sínú ìgò omi 3, yóò fi ojú aláǹtakùn sí i kí ó lè di májèlé, yóò fi ẹ̀tù sí i kí ó lè di oògùn tí a ń jù, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi èémí dírágónì sí i kí ó lè di oògùn oníkùukùu. A kì í rí èémí yìí níbòmíràn àfi ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The End, níwájú dírágónì fúnra rẹ̀. Ìgò oògùn oníkùukùu 1 ni a ń fi ọfà 8 yí ká, tí yóò sì di ọfà olóògùn 8. Ìgò 3 já sí ọfà 24. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ìdá kan nínú mẹ́jọ àkókò oògùn náà ni ọfà ń gbé: májèlé oníṣẹ́jú àáyá 45 di 5 péré. Idán Infinity, tí kì í jẹ́ kí ọfà lásán tán nínú apó, kò sì ṣiṣẹ́ fún un rárá. Ta ni yóò wá ná irú ọfà bẹ́ẹ̀ dànù sára ẹranko lásán?

Ẹ̀dà kejì eré náà, èyí tí a mọ̀ sí Bedrock láti ọdún 2017, tí ó wà lórí fóònù àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ mìíràn, gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Níbẹ̀, aṣeré lè da oògùn sínú ìkòkò irin, kí ó sì ri ọfà bọ̀ ọ́. Ìgò 1 tó fún ọfà 16. Bí ìgò 3 bá kún ìkòkò náà, ó tó fún ọfà 64. Kò sí ìdí láti bá dírágónì jà. Ìgò 3 kan náà ni, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta. Ní èrò tiwa, ibí yìí gan-an ni ìlọsíwájú wà, ó sì tún sún mọ́ ohun tí àwọn ọdẹ ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí wọ́n ń fi oró inú èso igi Strophanthus pa ẹnu ọfà. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn pé ìkòkò náà sọ ọfà olóògùn di ọ̀pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọfà tí aṣeré kó sínú àpótí nítorí pé ó ń ṣahun rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ ọfà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ẹ̀dà 1.14 mú tábìlì oníṣẹ́ ọfà wá. Òkúta akọ 2 àti pákó 4 ni a fi ń ṣe é. Ará abúlé tí ó bá gba tábìlì yìí yóò di oníṣòwò ọfà. Bí ó bá sì dé ipò ọ̀gá, ó lè gba ọfà lásán 5 àti émírádì 2, kí ó fi ọfà olóògùn 5 rọ́pò wọn. Òwò wá rọrùn ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣòwò ni ó ń pinnu irú oògùn tí yóò tà. Ní ti aṣeré tí ó bá tẹ tábìlì náà, kò sí ohun tí yóò ṣí fún un. Tábìlì alágbẹ̀dẹ, tí òun náà dé láìníṣẹ́ nínú ẹ̀dà 1.14, rí iṣẹ́ gbà nínú ẹ̀dà 1.16 ní ọdún 2020. Títí ọdún 2024 fi parí, tábìlì ọfà kò tíì rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ ti wà láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Kódà níbi tí kò ti sí kọ̀ǹpútà, olùkọ́ lè ya àpótí oníhò 9 sára pátákó ìkọ̀wé, kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọfà 24 wé ọfà 64. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá iṣẹ́ fún tábìlì tí kò níṣẹ́ yìí: ohun èlò wo ni yóò gbà, mélòó, àti pé ọfà mélòó ni yóò mú jáde.