Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ohun Tí Ìjọba 1976 Bá Nílẹ̀

Lóṣù karùn-ún ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation. OFN làwọn òbí wa ń pè é. Rédíò pariwo rẹ̀ títí: kí oníkálùkù gbin nǹkan, ì báà jẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ní ọgbà ilé ìwé tàbí ní bárékè sójà.

Kí ló fà á? Owó epo ni. Láàárín 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì lágbàáyé fò sókè tó bí ìlọ́po mẹ́rin. Owó wọlé, àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ìjọba sì ń fi owó epo ra oúnjẹ láti òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ti wà kí ìjọba tó kéde. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ Yorùbá sábà máa ń ní oko méjì: oko etílé àti oko ẹgàn. Ẹgàn jìnnà, nígbà tó yá, ibẹ̀ ni kòkó gbà. Ẹ̀yìnkùlé ló wá sún mọ́ ìkòkò jù. Ẹ máa bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń mu omi balùwẹ̀ níbẹ̀, ìbẹ́pẹ, ata, ewúro tí wọ́n ń já tó tún ń rúwé, àti tẹ̀tẹ̀ tó ń tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbẹ́ adìẹ àti eérú ààrò ni ajílẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ló sábà máa ń tọ́jú ẹ̀.

Ẹ lè sọ pé, kí ni ewé díẹ̀ fẹ́ ṣe fún ebi? Ẹ wo bí ọdún àgbẹ̀ ṣe rí. Iṣu tuntun kì í sábà jáde títí di nǹkan bí oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, iṣu ilé ti ń tán, èyí tó kù ti wọlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èbù. Owó kòkó di ìparí ọdún. Ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ oko pọ̀ jù, ebi sì ń pa abúlé.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ò lè rọ́pò oko o. Tẹ̀tẹ̀ ò lè di iyán. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kí ẹbí má bàa wú iṣu tí ò tíì gbó, kí wọ́n má sì yá owó èlé ra ọbẹ̀. Àwa tá a ń kọ sọ́fítíwíà máa ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ wa síbòmíì, torí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀yìnkùlé jẹ́ fún oko.

OFN mú ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú wá. Ó tún kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sábúlé nígbà ìsinmi láti ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ò mú ọkọ́ rí, níwájú ẹni tó ti ń roko fún ọgbọ̀n ọdún! Ìjọba ológun lọ ní 1979. Ní 1980, ìjọba Shehu Shagari gbé Green Revolution dé. Orúkọ yí padà, ebi ò yí padà. Lóṣù keje 2023, ìjọba tún kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Èmi náà jẹ̀bi o. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fowó ránṣẹ́ sábúlé pé kí wọ́n da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà, kí ẹrẹ̀ lè dín kù. Gbogbo ẹbí gbàdúrà fún mi. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, màmá pè mí: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́." Wọn ò béèrè owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Mo ti ní kí wọ́n fọ́ apá kan. Ewúro ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀.